Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Bọ́ọ̀sì Hiace Ṣe Kó Lè Gbé Yín Dé Àbà Jíjìn, Kó sì Gbé Yín Padà

Iṣẹ́ títún sólà àti pọ́ǹpù omi ṣe ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, àwọn àgbẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Àbà wọn kì í sí lẹ́bàá títì. Ẹ ó gba ọ̀nà Ìdànrè tàbí ọ̀nà Ìgbàtóró lọ, ẹ ó yà kúrò lórí ọ̀dà, ó di ilẹ̀ pupa: kòtò, àpáta, afárá onígi, ẹrẹ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan lè di ọjọ́ mẹ́rin bí òjò bá ká èèyàn mọ́bẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé orí àga gbọọrọ àti ilẹ̀ ilé oníbàárà ni mo ń sùn jù, mo yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì Toyota Hiace mi, mo sì sọ ọ́ di ilé tó ń rìn. Bí mo bá tún ra òmíràn lónìí, bí mo ṣe máa tò ó nìyí.

Ohun méjì ni mo máa ń bi ara mi léèrè kí n tó fi nǹkan kan kún ọkọ̀ náà. Àkọ́kọ́: kìlò mélòó ni? Èkejì: bó bá bàjẹ́ ní Aládé-Ìdànrè, ṣé mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ lè tún un ṣe? Ohun tó bá kùnà ìbéèrè méjèèjì, mi ò gbé e, bó ti wù kó dára tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dé inú igbó. Bí yóò ṣe jáde ni owó àti ọgbọ́n yẹ kó bá lọ.

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọ Hiace dáadáa, kí ó fi jáàkì gbé e sókè lójú yín. Kí ó mi táyà kọ̀ọ̀kan wò bóyá béárì tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ńtì ti ń ṣí. Kí ó wo búṣì, bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì, fáàńbẹ́ẹ̀tì, ráídétọ̀ àti gbogbo họ́ọ̀sì omi. Abẹ́ ìjókòó iwájú ni ẹ́ńjìnnì Hiace wà, ooru rẹ̀ kò ní ààyè púpọ̀ láti gbà jáde. Bí ẹ bá sì ń fi gíà kìíní gun òkè nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ kì í sáré tó láti jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí ráídétọ̀. Ráídétọ̀ tí kò dà yín láàmú lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lè hó kí ẹ tó dé àbà kejì. Gbogbo họ́ọ̀sì ni mo fi tuntun pààrọ̀. Mo fi àwọn ti tẹ́lẹ̀ tí kò tíì là sínú àpótí irinṣẹ́, mo sì ti lo ọ̀kan nínú wọn fún ẹlòmíràn tí mo bá lọ́nà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá mọ iye kìlómítà tí lítà epo kan ń gbé ọkọ̀ yín. Ẹ rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, ẹ kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀ kí ẹ sì padà, ẹ tún rọ ọ́ kún ní ilé epo kan náà. Ẹ fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ilẹ̀, pẹ̀lú ẹrù nínú ọkọ̀. Tèmi ń fún mi ní 8 kìlómítà lórí ọ̀dà, ó sì ń wálẹ̀ sí 5 nínú ẹrẹ̀. Táǹkì rẹ̀ ń gba 70 lítà, ìyẹn 350 kìlómítà nínú ẹrẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kan fún ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí afárá tó wó tàbí ọ̀nà tí igi dí. Ibi tí mo lè dé láìfòyà jẹ́ bíi 115 kìlómítà sí ibi tí mo ti rọ epo kẹ́yìn.

Nọ́ńbà yìí ló máa sọ fún yín bóyá ẹ nílò táǹkì kejì. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, ilé epo kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà èmi kò fi táǹkì kejì kún un. Kẹ́ẹ̀gì irin méjì, 20 lítà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló ń fún mi ní 200 kìlómítà sí i nínú ẹrẹ̀, mo sì lè fi wọ́n sílẹ̀ sílé nígbà tí mi ò bá nílò wọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2023, kò yẹ kí èèyàn máa sun epo láti fi ru epo tí kò ní lò.

Ẹ wọn ẹrù yín

Ibí yìí ni mo ti ṣìnà nígbà àkọ́kọ́. Pákó ìrókò ni mo fi kan bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí mo fẹ́ kó pẹ́. Ó rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ewé súpírìn ẹ̀yìn kan fi kán lójú ọ̀nà, mo sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ igbó kòkó fún ọjọ́ méjì kí wọ́n tó bá mi gbé òmíràn dé láti Àkúrẹ́. Nígbà tí mo wọn gbogbo pákó yẹn, ó lé ní 200 kìlò. Mo yọ ọ́, mo fi arère kan òmíràn. Arère gbígbẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ìwọ̀n ìrókò lọ, ó pọ̀ ní ilé pákó gbogbo, ó sì rọrùn láti gé. Àléébù rẹ̀ ni pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, ọ̀rinrin sì ń tètè bà á jẹ́, nítorí náà ẹ fi oògùn kòkòrò kùn ún, kí ẹ sì fi ọ̀dà kùn ún tojú-tẹ̀yìn kí ẹ tó kàn án. Pẹ́láńkì fífẹ́lẹ́ dára fún ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ wo àkọlé tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ sára ọkọ̀, lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, ẹ óò rí ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù. Ẹ wá kọ ti yín sílẹ̀ báyìí, bí mo ṣe kọ tèmi: èèyàn méjì, 150 kìlò, omi 50 lítà, 50 kìlò, epo 40 lítà nínú kẹ́ẹ̀gì, 30 kìlò, bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù, 90, irinṣẹ́, 40, táyà àfikún méjì, 50, fíríìjì kékeré, 15, bàtìrì, 12. Ó ti lé ní 430 kìlò, a kò sì tíì ka ìkòkò, aṣọ àti irinṣẹ́ oníbàárà. Ẹnìkan lè sọ pé ṣebí ọkọ̀ yìí ń gbé èrò mẹ́rìnlá láti Àkúrẹ́ lọ sí Èkó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí ọ̀dà ni. Bí táyà bá já sínú kòtò, agbára tó ń gba ara súpírìn kọjá ju ìwọ̀n ẹrù náà lọ ní ìlọ́po. Ẹrù mi kì í kọjá ìdajì ohun tí wọ́n gbà mí láyè láti gbé.

Ohun tó bá wúwo, ẹ gbé e sísàlẹ̀, sí àárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Ẹ má kó o sórí òrùlé. Sólà àti pákó ìyọkọ̀ nìkan ló wà lórí tèmi. Ọkọ̀ tí orí rẹ̀ wúwo máa ń fì bí ọ̀nà bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀nà àbà sì máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́pọ̀ ibi.

Abẹ́ ọkọ̀

Súpírìn onípele ló wà lẹ́yìn Hiace. Ẹ fi ewé kan ṣoṣo kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ra ṣọ́ọ̀kì tuntun fún gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn kan máa ń fi mẹ́ta kún un kí ọkọ̀ lè ga fíofío. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa fò bí ìgalà, gbogbo bóòtù inú rẹ̀ á sì máa tú. Torsion bar, ọ̀pá irin tó ń lọ́ tó sì ń ṣe iṣẹ́ súpírìn, ló wà níwájú, mẹkáníìkì lè fi súpànà yí i kí iwájú ga díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù jọ́ńtì á tẹ̀ gan-an, wọn á sì tètè kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lọ ṣe aláímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí wẹ́dà gé páànù irin tó nípọn tó mílímítà 4 láti fi bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì àti táǹkì epo, nítorí àpáta Ìdànrè kì í fojú rere wo abẹ́ ọkọ̀. Bóòtù ni kí ó fi dè é, kí ó má fi iná jó o mọ́ ọkọ̀, kí ó sì lu ihò síbi tí wọ́n á máa gbà da ọ́ìlì nù. Bí iṣẹ́ náà bá sún mọ́ táǹkì epo, ẹ yọ táǹkì kúrò pátápátá kí ó tó tan iná. Táǹkì tí epo ti tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, torí oru epo tó ṣẹ́kù ló ń bú gbàmù.

Táyà

Bí owó yín bá tó ohun kan ṣoṣo, ẹ fi ra táyà.

Èyí tó bá Hiace wá máa ń jẹ́ 195R15C. Lẹ́tà C yẹn túmọ̀ sí pé táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Nọ́ńbà 106 tí ẹ máa rí lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ pé táyà kan lè ru 950 kìlò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta táyà mọ́tò kékeré fún yín nítorí pé ihò ríìmù bára mu. Irú tí wọ́n ń pè ní all-terrain, tí ojú rẹ̀ gé jìn díẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lágbára, ló bá ọ̀nà wa mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ nìkan ń pariwo lórí ọ̀dà, ó ń jẹ epo, kì í sì í di ọ̀nà tó tutù mú dáadáa. Ẹ má rántí òde igbó nìkan, ìdajì ìrìn yín orí ọ̀dà ni.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó wà nínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ DOT. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tó ti pé ọdún mẹ́fà, bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ ń dán, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Rọ́bà máa ń gbó lórí igbá bí kò tilẹ̀ rìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ti máa ń là.

Ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo atẹ́gùn inú táyà. Lórí ọ̀dà, ẹ tẹ̀ lé ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sára ọkọ̀. Bí ẹ bá dé ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, ẹ tú atẹ́gùn sílẹ̀. Táyà tó rọ̀ máa ń tẹ́jú, ibi tó fi tẹ ilẹ̀ á gùn sí i, ọkọ̀ kò sì ní rì bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ń sọ tèmi kalẹ̀ sí 25 psi nínú ẹrẹ̀. Lórí iyanrìn etí òkun ní Àráròmí, mo sọ ọ́ di 18. Nígbà tí táyà bá rọ̀ báyìí, ẹ má sáré kọjá 30 kìlómítà ní wákàtí, ẹ má sì yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, kí táyà má bàa yọ lára ríìmù. Ẹ ra pọ́ǹpù táyà tó ń lo bàtìrì 12V àti gééjì tiyín. Ẹni tí kò bá ní pọ́ǹpù nínú ọkọ̀, kó má tú atẹ́gùn rárá, torí fọkanáísà kì í sí nídìí kòkó. Bí ẹ bá dé orí ọ̀dà padà, ẹ fẹ́ ẹ kí ẹ tó sáré.

Bí ọkọ̀ bá rì

Hiace tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, àpótí gíà kan wà tó ń pín agbára fún wọn, ọ̀dọ̀ táyà tó bá rọrùn láti yí ló sì máa ń kó agbára lọ. Ìdí nìyẹn tí táyà kan fi ń yí fìrífìrí nínú ẹrẹ̀ nígbà tí èkejì dúró lórí ilẹ̀ líle tí kò mira. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Gbogbo títẹ̀ tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, gbígbẹ́ ilẹ̀ ni. Ẹ fa hándibíréèkì díẹ̀, kí ó di táyà tó ń yí lọ́wọ́ kí agbára lè ré sí èkejì, kí ẹ sì tẹ iná jẹ́jẹ́. Nígbà mìíràn, ìyẹn nìkan ti tó.

Bí kò bá tó, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà kúrò kí ó lè rí ọ̀nà gùn jáde. Ohun tí mo ń gbé nìyí: ṣọ́bìrì kan, àdá kan, jáàkì olómi pẹ̀lú pákó pẹrẹsẹ tí mo fi ń tẹ́ abẹ́ rẹ̀, àti pákó líle méjì tí ìkọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan ààbọ̀. Ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀, ẹ ti pákó sábẹ́ táyà, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí rẹ̀, ẹ wa ọkọ̀ jáde. Ẹ fi okùn so pákó náà mọ́ ọkọ̀ kí ó má bàa rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn yín. Ẹni kankan kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà náà, torí táyà lè ju pákó náà bí òkò.

Okùn fífà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ńpà láéláé. Kí wẹ́dà tó mọṣẹ́ fi bóòtù de ìkọ́ irin sára férémù ọkọ̀, níwájú àti lẹ́yìn. Bí okùn bá ti le, ẹ ju àpò tó tutù sórí àárín rẹ̀ kí ó lè wálẹ̀ bó bá já, kí gbogbo èèyàn sì jìnnà sí i ju gígùn okùn náà lọ. Àwọn ọ̀dọ́ àbà lóyàyà, wọ́n á fẹ́ dúró tì í láti tì yín. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó ní kí ẹni tó ń fà yín tẹ iná.

Epo àti omi

Epo bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wà níbi tí ẹ ń sùn. Oru rẹ̀ wúwo ju atẹ́gùn lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń kó jọ sí, bí ẹ bá sì ṣá ìṣáná kan ó parí. Mo ní kí wẹ́dà ṣe àtẹ irin kan sí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, níta, fún kẹ́ẹ̀gì irin méjèèjì. Bí ẹ bá ń rọ epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀, ẹ má rọ ọ́ nínú ọkọ̀, ẹ má sì rọ ọ́ kún dé ẹnu, torí epo ń wú nínú oòrùn. Ẹ ní àsẹ́ tó dára láti fi sẹ́ epo tí ẹ bá rà nínú ìgò lọ́wọ́ àwọn ará ọ̀nà, ẹ sì gbé fítà epo kan dání.

Ní ti odò, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín já pẹ̀lú ọ̀pá kí táyà tó wọ̀ ọ́. Bí omi bá ga ju ìdajì táyà lọ, tàbí bó bá ń ṣàn débi pé ó ń tì yín lẹ́sẹ̀, ẹ dúró. Odò inú igbó kòkó lè fà láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn òjò. Ẹ wá ibi tí ẹ́ńjìnnì yín ti ń fa atẹ́gùn, kí ẹ sì mọ bó ṣe ga tó sílẹ̀. Omi kì í ṣeé fún mọ́ra bí atẹ́gùn: bó bá wọ inú sìlíńdà, kọnẹ́tìn rọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ fà á jáde kí mẹkáníìkì yọ púlọ́ọ̀gì wò. Ihò kékeré kan tún wà lórí àpótí gíà ẹ̀yìn tó fi ń mí. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín gùn ún sókè lọ sábẹ́ bọ́dì, kí ó má bàa fa omi wọ inú ọ́ìlì.

Iná

Iṣẹ́ mi gan-an nìyí, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé èèyàn á ra sólà àti ínfátà kó tó mọ ohun tó fẹ́ lò. Ẹ ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn. Fíríìjì 12V kékeré tó ń jẹ 45 wáàtì, tó ń ṣiṣẹ́ bíi wákàtí 10 nínú ọjọ́ kan, á gba 450 wáàtì-wákàtí. Fáànù 20 wáàtì fún wákàtí 8 lóru, 160. Gílóòbù LED, 40. Fóònù àti kọ̀ǹpútà, 100. Àpapọ̀ rẹ̀ 750.

Bàtìrì lithium, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, 12.8V àti 100Ah, ní 1280 wáàtì-wákàtí nínú, ẹ sì lè lo ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan àti díẹ̀ sí i nìyẹn láìsí oòrùn rárá. Bàtìrì olómi tó jẹ́ 100Ah wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀, bí ẹ bá sì ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́ kò ní pẹ́. Mo mọ̀ pé lithium wọ́n. Lórí ọ̀rọ̀ kìlò nìkan, ó tọ́ sí owó rẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, torí ooru ló ń pa á. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni tèmi wà.

Sólà 200 wáàtì lórí òrùlé, bí a bá ṣírò oòrùn tó múná fún wákàtí 4, tí a sì yọ ohun tó ń sọnù nínú ooru àti waya, á mú bíi 600 wá. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó tó. Ní oṣù Keje tí ojú ọ̀run ṣú, tàbí bí ẹ bá páàkì sábẹ́ igi kòkó, kò tó rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi nílò ọ̀nà kejì: DC-DC charger, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba iná lára ọ́tánétọ̀ bí ẹ bá ń wa ọkọ̀. Èyí tó jẹ́ 20 àmpíà á fún yín ní nǹkan bí 500 wáàtì-wákàtí láàárín wákàtí méjì ìrìn. Ẹ má kàn fi waya so bàtìrì méjèèjì pọ̀ bí àwọn ríwáyà kan ti ń ṣe. Bàtìrì lithium á fa iná ju agbára ọ́tánétọ̀ lọ, á sì jó o.

Bí ẹ bá ń de sólà mọ́ òrùlé, ẹ fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí sólà bá ṣe ń gbóná tó ni iná rẹ̀ ń dín kù tó, òrùlé páànù ọ̀sán sì lè sun ọwọ́. Gbogbo ihò tí ẹ bá lu sórí òrùlé, ẹ fi gọ́ọ̀mù tó dára dí i, kí ẹ sì da omi lé e fún wákàtí kan kí ẹ tó fi fóòmù bo inú.

Ọ̀rọ̀ waya ni mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe ṣahun sí. Fún 20 àmpíà láti iwájú dé ẹ̀yìn ọkọ̀, waya mílímítà 10 níbùú lóòró (10 mm²) ni mo ń lò. Ẹ fi ọ̀bẹ họ waya náà kí ẹ tó sanwó: bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò lójú ni. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bàtìrì, kí ó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, lórí waya tó ti inú bàtìrì kọ̀ọ̀kan jáde. Bí waya bá họ lára irin láìní fíúsì, ọkọ̀ á jó kí ẹ tó rí ìlẹ̀kùn ṣí. Níbi tí waya bá ti gba ihò páànù kọjá, ẹ fi rọ́bà bò ó, torí ọ̀nà àbà máa ń mi gbogbo nǹkan, páànù á sì máa rẹ́ waya díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbé apanáná kan sí ibi tí ọwọ́ yín lè tó láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ibi tí ẹ máa sùn

Òru wa gbóná, nítorí náà atẹ́gùn ṣe pàtàkì ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí fèrèsé méjì tó kọjú síra, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Fóòmù tí kò ń fa omi lábẹ́ òrùlé á dín ooru ọ̀sán kù.

Ẹ má dáná èédú nínú ọkọ̀. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì sùn nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. Carbon monoxide tó ń jáde nínú wọn kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ló sì máa ń pa èèyàn mọ́. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yẹ páìpù èéfín wò láti ẹ́ńjìnnì dé ẹ̀yìn, kó má jò, kí ẹ sì ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí gáàsì yìí bá wà. Kò tó owó táyà kan.

Ọ̀rọ̀ eku wá kù. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ti ń yọjú jù lọ ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ sì ni ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ wà. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e kan oúnjẹ èèyàn. Ọkọ̀ tó páàkì sí ẹ̀gbẹ́ àká, tí gààrí àti ìrẹsì wà nínú rẹ̀, eku á wá. Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kí ẹ wá gbogbo ihò tí waya àti páìpù gbà wọlé, ẹ fi wáyà tí a fi ń họ ìkòkò dí i, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo oúnjẹ, inú ọ̀rá líle tàbí agolo tó ní ìdérí ni kó wà. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má gbá a gbígbẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ da omi tó ní bílíìṣì (oògùn tó ń sọ aṣọ di funfun) sí i, ẹ jẹ́ kó rin, ẹ fi àkísà nù ún.

Kí ẹ tó sùn níbikíbi, ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí olórí àbà náà, ẹ sọ orúkọ yín àti ẹni tí ẹ wá bá. "Baba, ẹ kú ilé o, a fẹ́ sùn sí ibí mọ́jú" kò ná èèyàn ní nǹkan kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí ọ̀nà iwájú ti rí, bóyá àwọn Àmọ̀tẹ́kùn wà nítòsí, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti gba ibẹ̀ lánàá. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Ẹ kọ orúkọ àbà tí ẹ ń lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa dé sílẹ̀ fún ará ilé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé gbogbo ibẹ̀.

Ìdánwò

Ẹ má fi ìrìn àkọ́kọ́ lọ jìnnà. Ẹ kó gbogbo ẹrù yín sínú ọkọ̀, ẹ gbé e lọ wọ̀n lórí ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá bí ẹ bá rí èyí tó gbà yín láyè, kí ẹ sì lọ sùn òru kan ní Ìdànrè, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ẹ yà sí ọ̀nà ilẹ̀ kan lówùúrọ̀, ẹ tú atẹ́gùn táyà, ẹ tún fẹ́ ẹ. Ẹ yọ táyà kan, kí ẹ sì fi àfikún rọ́pò rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rọ̀. Ohun tí ẹ bá ń wá tí ẹ kò rí, ohun tó bá ń dún, ohun tó bá ń jábọ́, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ẹ bá padà délé, ẹ mú súpànà, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ẹ tún fún gbogbo bóòtù kó le: ti súpírìn, ti ṣọ́ọ̀kì, ti páànù abẹ́, ti sólà, ti àtẹ irin epo, àti nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ óò bá díẹ̀ nínú wọn tó ti rọ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun sàmì sí orí bóòtù àti ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ kan, kí ojú lè rí i láti òkèèrè bó bá tún yí. Ẹ tún wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn 500 kìlómítà.